Ẹ ka ìyá tó kú sójú ọ̀nà mọ́ wọn

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn yín. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí nílé ìwòsàn ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ìletò ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ lórí rédíò tí wọ́n ń ka iye aláboyún tó ń kú ní Nàìjíríà, obìnrin kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá gba ìtọ́jú oyún lọ́dọ̀ mi. Mo ti fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, orí ọmọ ti yí sísàlẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ọjọ́ tó yẹ kó wá lẹ́ẹ̀kẹrin pé, mi ò rí i. Ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ bí sí. Ọmọ bọ́, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n gbé e sáàárín ọlọ́kadà àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wọ́n ń gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìparí oṣù, mo jókòó ti fọ́ọ̀mù tí a ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ojú ibì kan wà níbẹ̀ tí a ti ń kọ iye aláboyún tó kú. Inú ọgbà wa kọ́ ló kú sí, nítorí náà òdo ni fọ́ọ̀mù ń retí. Mo fi báírò kọ òdo síbẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú. Nínú rẹ́jísítà, orúkọ rẹ̀ wà lórí ìlà kẹtàdínlógún, iwájú orúkọ náà sì ṣófo títí rẹ́jísítà fi kún tí a kó o pamọ́. Ó ń dùn mí dòní.

Níbo wá ni iye tí à ń gbọ́ lórí rédíò ti ń wá? Ìwádìí ńlá kan wà tí Àjọ Ìkànìyàn máa ń ṣe ní bí ọdún márùn-ún sí ara wọn. Wọ́n á wọlé tọ obìnrin, wọ́n á ní: ọmọ mélòó ni ìyá rẹ bí? Àwọn wo ló ti kú? Èyí obìnrin tó kú yìí, ṣé inú oyún ló wà, àbí orí ìkúnlẹ̀, àbí kò tíì ju oṣù méjì tó bímọ? Ọgbọ́n gidi ni, mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ibẹ̀ ni iye tọdún 2018 ti wá: ìyá 512 ló ń kú tí a bá bí ọmọ 100,000. Ṣùgbọ́n iye gbogbo Nàìjíríà ni, ọdún méje ni wọ́n sì kó pọ̀ láti rí i. Kò lè sọ fún alága káńsù kankan pé wọ́ọ̀dù báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ti ń pa àwọn ìyá, tàbí pé ọ̀nà tí kò ṣeé gbà ló fà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìkànìyàn ọdún 2006 tí a ṣì ń fi ṣírò iye aláboyún àti ọmọ ọwọ́ tó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi díẹ̀ kún iye yẹn lọ́dọọdún, wọ́n á ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni aláboyún, mẹ́rin ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Káńpù kòkó tó ti di ìlú láti ìgbà náà ńkọ́? Mo ti rí ìyá tó rin ìrìn wákàtí méjì, tó pọn ọmọ rẹ̀ padà sílé láìgba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí iye abẹ́rẹ́ tí ìṣirò yẹn ní kó wà lọ́dọ̀ wa ti tán.

Mo mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ẹ bá bi èmi náà ní iye ọmọ mi, Ọlọ́run ló ni wọ́n ni màá sọ. Àmọ́ tí obìnrin bá kú sórí ìkúnlẹ̀, tí àwọn ẹbí sáré sin ín, tí wọ́n ní ibà ló ṣe é, aláboyún ilé kejì ò ní mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá òun.

A ti ṣe é rí ní ìpínlẹ̀ yìí. Lọ́dún 2009, nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò jẹ́ gómìnà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè fún àwọn aláboyún ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n bèèrè ibi tí ìyá ti ń pẹ́: ṣé kó tó kúrò nílé ni, àbí lójú ọ̀nà, àbí lọ́dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì, àbí nígbà tí a bá ní kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Ìdáhùn yẹn ló mú fóònù dé ọwọ́ aláboyún, tó sì mú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé aláìsàn wọ ìletò. Lọ́dún 2010, wọ́n ṣòfin pé kí gbogbo ikú aláboyún di mímọ̀ fún ìjọba, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe láti wá ẹni tí wọ́n máa fìyà jẹ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni pé kí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ dé wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Kí pásítọ̀, ìmáàmù, ìyá tó ń gbẹ̀bí nílé, olórí àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń gbẹ́ sàréè jókòó pẹ̀lú nọ́ọ̀sì: obìnrin wo ló kú lóṣù yìí? Aago mélòó ló kúrò nílé? Kí ìwé yẹn wà níwájú alága káńsù lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín owó, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì padà sọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sókè, ẹnikẹ́ni ò padà wá sọ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ fún mi.

Ní wọ́ọ̀dù tí mo ń gbé báyìí, mo ti bá ìmáàmù wa àti ìyá kan tó ń gbẹ̀bí ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ti gbà láti máa wá. Káńsù la ṣì ń dúró dè.

Èmi ni tiyín,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Àkúrẹ́.