Báà orí fóònù kọ́ la fi ń mọ èyí tó ń gba nẹ́tíwọ̀kì o

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń fi fóònù wéra nínú ìwé ìròyìn yín ni mo bá wá. Ẹ máa ń tú kámẹ́rà wò tinú tẹ̀yìn, ẹ ó sọ ti bátìrì, ẹ ó sọ ti bójú ẹ̀ ṣe ń dán, tó bá wá kan nẹ́tíwọ̀kì ẹ ó kàn ní eléyìí gbé báà mẹ́rin (àwọn ìlà kéékèèké tó ń fi nẹ́tíwọ̀kì hàn lókè ojú fóònù), ìkejì gbé méjì, ó parí. Fóònù tí ò gba nẹ́tíwọ̀kì, kí lèèyàn fẹ́ fi fótò tó dáa ṣe, àbí a ò ní fi ránṣẹ́ ni?

Báà yẹn ò lófin tó dè é. Iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù, nígbà míì àwọn onínẹ́tíwọ̀kì gan-an, ló ń pinnu ibi tí báà mẹ́ta ti máa di mẹ́rin. Lọ́dún 2010 tí iPhone 4 jáde, irin tó yí fóònù yẹn ká ni Apple fi ṣe éríà ẹ̀ (ohun tó ń gba nẹ́tíwọ̀kì), téèyàn bá ti fọwọ́ di igun òsì ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú, báà á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀, Apple fúnra wọn kọ ọ́ síta pé ìṣirò táwọn fi ń gbé báà jáde ò tọ̀nà rárá, pé lọ́pọ̀ ìgbà ó ń fi báà méjì lé èyí tó yẹ kó hàn! Wọ́n padà fún àwọn tó ra fóònù náà ní kéèsì lọ́fẹ̀ẹ́.

Nọ́ńbà ló yẹ kẹ́ ẹ máa kọ, ìyẹn dBm, òdiwọ̀n bí nẹ́tíwọ̀kì tó ń wọ fóònù ṣe lágbára tó. Lórí Android, ó sábà máa ń wà ní Settings, níbi About phone, lábẹ́ SIM status, tó bá jẹ́ iPhone ẹ tẹ *3001#12345#* kẹ́ ẹ pè é. Nọ́ńbà náà máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú, bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló ṣe dáa tó, lórí 4G, -80 dáa gan-an, tó bá ti kọjá -110 wàhálà ti dé. Tó bá fi 10 péré já, agbára tó kù ò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ìyẹn ni pé fóònù tó ka -95 ń gba ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí èyí tó ka -105 ń gbà, síbẹ̀ báà kan náà làwọn méjèèjì lè gbé síta.

Ẹ má sì fi orúkọ fóònù nìkan dájọ́. iPhone 7 tọdún 2016, mọ́dẹ́ẹ̀mù (ẹ̀yà inú fóònù tó ń bá nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀) tí iléeṣẹ́ Qualcomm ṣe ló wà nínú àwọn kan, ti Intel ló wà nínú àwọn míì, orúkọ kan náà, ojú kan náà, àmọ́ àwọn tó dán an wò rí i pé níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ò ti lágbára, ti Qualcomm ń gbé e jù. Báńdì náà ńkọ́, ìyẹn ìgbì rédíò tí nẹ́tíwọ̀kì ń gbà wá, tí wọ́n ń fi MHz wọ̀n? 700 àti 800 MHz máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń wọlé gba ara ògiri, 2600 sí 3500 ló máa ń gbé dátà púpọ̀ ṣùgbọ́n kì í lọ jìnnà, torí ẹ̀ fóònù tí wọ́n ṣe fún orílẹ̀-èdè míì tí ò ní báńdì ìsàlẹ̀ (bíi 700 tàbí 800) tí nẹ́tíwọ̀kì yín ń lò, ó lè máa sáré níta kó wá kú fin-ín nínú yàrá, wọ́n á ní nẹ́tíwọ̀kì ni ò dáa.

Ti spéèdì tún yàtọ̀. Nẹ́tíwọ̀kì lè lágbára kí dátà máa wọ́ nílẹ̀ torí àwọn èèyàn ti pọ̀ jù lórí máàsì, ìyẹn òpó gíga tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wá, nítorí náà ẹni tó dán fóònù kan wò láàárọ̀, tó dán ìkejì wò nírọ̀lẹ́, kò fi nǹkan kan wéra. Síìmù kan náà ni kẹ́ ẹ máa yọ láti ara ọ̀kan sí ìkejì, lójú kan náà, kẹ́ ẹ ti méjèèjì mọ́ 4G, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn léraléra, kẹ́ ẹ sì dì wọ́n mú lọ́wọ́ bí èèyàn ṣe ń lo fóònù gan-an, kì í ṣe orí tábìlì (bẹ́ẹ̀ náà, ẹ yọ kéèsì onírin kúrò). Kẹ́ ẹ wọn áplóòdù (bí dátà ṣe ń yára jáde látinú fóònù) pẹ̀lú o, torí máàsì lágbára ju fóònù lọ fíìfíì, fóònù lè máa gbọ́ máàsì kí máàsì má gbọ́ ọ, ibẹ̀ náà ni bátìrì ti máa ń tètè kú torí fóònù á máa fi gbogbo agbára ẹ̀ pariwo.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbé fóònù tuntun jáde, ẹ bá wa kọ báńdì tó ní àti iye áplóòdù ẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti burú. Tẹ́ ò bá ráàyè fún gbogbo ẹ̀, ẹ gé díẹ̀ kúrò nínú ti kámẹ́rà.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín