Ẹ má fi ìwo kan ṣoṣo parí ogun yẹn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ìtàn ogun tí ẹ ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló mú mi kọ̀wé, ìtàn ìlú méjì tí òǹkọ̀wé yín fi ọpọlọ ara rẹ̀ tẹ̀ dó, tí ènìyàn àti iwin jọ ń gbé inú wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, bí ìwé ìròyìn bá ti dé, ẹ̀rọ ìránṣọ á dákẹ́, ọmọ iṣẹ́ tó mọ̀wé kà jù á máa kà á sókè, àwa yòókù á tẹ́tí. Ìtàn náà dùn mọ́ wa gan-an.

Ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀tá ti ya odi, wọ́n ti dé àárín ọjà, ìyá Balógun ti kú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń nu ojú. Àfi bí Balógun ṣe yọ ìwo kan lábẹ́ ẹ̀wù, tó fọn ọ́n, tí gbogbo àwọn tó wọ ìlú di òkúta. A ò gbọ́ nípa ìwo yìí rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Òǹkọ̀wé yín sì ti ń ta wá lólobó pé ìwo náà ni yóò parí àwọn tó kù lẹ́yìn odi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé ẹ̀wù ogun ni mò ń rán fún àwọn òṣèré. Èmi ni mò ń to owó ẹyọ mọ́ gbérí, tí mò ń fi awọ rán oǹdè, tí mò ń so àdó mọ́ àyà ẹ̀wù, tí mò ń wọn ìgbàdí àti ìfúnpá kí wọ́n má baà já bọ́ bí òṣèré bá ń sáré. Òwú ni mò ń kì sínú wọn, kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, kí n tó fi abẹ́rẹ́ kan awọ, mo máa ń bi ẹni tó gbé iṣẹ́ wá pé: kí ni eléyìí ń ṣe? Kí ni èèwọ̀ rẹ̀? Ìgbà wo ni kì í jẹ́? Ẹni tó bá rí mi dá lóhùn, eré rẹ̀ máa ń mú ènìyàn lọ́kàn. Ẹni tó bá ní kí n ṣáà rán an kó pọ̀, eré rẹ̀ kì í ní ewu kankan nínú, nítorí kò sí ohun tí akọni inú rẹ̀ lè pàdánù.

Àwọn baba wa kò sọ ìtàn oògùn ogun lọ́nà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Ṣàngó rí oògùn tó ń pe àrá, ó gun orí òkè lọ dán an wò, ààfin òun fúnra rẹ̀ ni àrá náà sán lù, ó sì pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ẹ wo Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò pẹ̀lú. Àwọn tó kọ ìtàn Ọ̀yọ́ sílẹ̀ sọ pé gbẹ́rẹ́ 201 ni wọ́n ń sín sí i lórí, abẹ 201 ni wọ́n fi ń sín in, oògùn 201 ni wọ́n sì ń fi ra á, kí ẹ̀rù má baà bà á láéláé. Ọ̀pá ọba ló ń mú lọ sójú ogun. Ṣùgbọ́n òfin tó wà nídìí rẹ̀ kò gba àánú: láàárín oṣù mẹ́ta, kó ṣẹ́gun, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Oògùn tó ní irú gbèsè yẹn lẹ́yìn, mo lè jókòó gbọ́ ìtàn rẹ̀ di òru.

Látòósà ti Ìbàdàn jẹ́ Kakaǹfò. Ó lọ sí ogun Kírìjí, tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, ibùdó ogun ló kú sí ní 1885, Ìbàdàn kò sì tíì borí. Ohun tó dá ogun yẹn ró ni ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó wá ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Lójú ẹni tó ń fi ṣakabùlà jà, ohun ìyanu ni. Síbẹ̀ náà, ìbọn yìí kò parí ogun. Ó kàn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má lè borí ẹnìkejì ni, títí di 1893 tí wọ́n tú ibùdó ká.

Èyí tí mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé yín rò dáadáa ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ogun Maji Maji, ní ilẹ̀ tó di Tàǹsáníà lónìí. Ní 1905, àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà ń fipá mú àwọn ènìyàn gbin òwú. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kinjeketile Ngwale ń pín omi tí wọ́n ní yóò sọ ọta ìbọn di omi. Kí oṣù kẹjọ ọdún náà tó parí, àwọn Jámánì ti yẹgi fún un. Omi náà kò dá ọta dúró. Ní Mahenge, ìbọn arọ̀jò-ọta gbá àwọn tó mu ún lulẹ̀ rẹpẹtẹ. Ṣé ká wá ní omi yẹn kò ṣe nǹkan kan? Ó ṣe é! Àwọn ẹ̀yà tí kì í tẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n ti bá ara wọn jà rí, omi kan náà ni wọ́n mu, wọ́n sì jọ dìde. Ọba kankan kò kó wọn jọ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn Jámánì náà kò wá oògùn tí yóò ṣẹ́gun omi: wọ́n sun oko, wọ́n sun àká, ìyàn mú. Àwọn òpìtàn kan ní 75,000 ènìyàn ló kú, àwọn mìíràn ní ó tó 300,000, ebi ló sì pa púpọ̀ jù nínú wọn.

Àga Wúrà àwọn Àṣáńtì ní ilẹ̀ Gánà òní, àga mímọ́ tí wọ́n ní ẹ̀mí gbogbo ẹ̀yà wọn wà nínú rẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Hodgson, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì, béèrè rẹ̀ ní Kumasi ní 1900, Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, kó ènìyàn dìde nítorí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun, wọn ò sì rí àga náà gbà.

Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé yín jẹ́ kí ọ̀tá inú ìtàn rẹ̀ náà ní ọpọlọ. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ìlú ní àféèrí, ṣé wọn ò ní da eérú sẹ́nu ibodè, kí wọ́n lè rí ipa ẹsẹ̀ ẹni tí ojú ò rí? Bí tọ̀tún tòsì bá ní ayẹta àti òkígbẹ́, ta ni yóò tún máa fi ọta ṣòfò? Odò ni wọn yóò lọ dí. Wọn yóò wá ẹni tó ń se oúnjẹ Balógun kàn, kí wọ́n mọ èèwọ̀ rẹ̀. Egbé ńkọ́? Ẹnì kan ló ń gbé kúrò nínú ewu. Olórí ogun tí egbé gbé sálọ lójú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, báwo ni yóò ṣe pè wọ́n jáde lọ́jọ́ kejì?

Bí wọ́n bá ní kí n yan oògùn kan ṣoṣo fún ìlú yẹn, mi ò ní yan ìwo. Kánàkò, oògùn tó ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú, ni mo máa mú. Ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ kí ti ọ̀tá tó gbéra, tí iṣu rẹ̀ ń wọlé lóru, ẹ̀rù rẹ̀ yẹ kó bà ọ̀tá ju ẹni tó ń sọ ènìyàn di òkúta lọ. Ọmọbìnrin kan sì wà nínú ìtàn yín tó jogún kánàkò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà! A rí i ní ìbẹ̀rẹ̀, ó gba ìkòkò omi kọjá, a ò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Níbo ló wà? Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń béèrè rẹ̀. Ẹ sì bá mi bi òǹkọ̀wé yín pé àwọn ọmọ ogun tó pàgọ́ yí odi ká láti ìgbà òjò, ta ló ń bọ́ wọn?

Èmi ni,
Aránṣọ àwọn òṣèré,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.