Àwọn Tí A Kì Í Dárúkọ ní Ọjọ́ Ìrántí

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, àlàáfíà Kristi kí ó wà pẹ̀lú yín.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ yìí, Ààrẹ àti àwọn gómìnà yóò tún fi òdòdó sí ojú ibojì ìrántí àwọn ọmọ ogun wa, wọn yóò yin ìbọn ẹ̀yẹ, wọn yóò sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn opó ọmọ ogun wà nínú ìjọ yìí, a sì mọ ohun tí ọjọ́ náà jẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 11 oṣù Bélú ni a máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ rí. A gbé e wá sí oṣù Ṣẹ́rẹ́ nítorí pé ọjọ́ 15 oṣù náà, ní ọdún 1970, ni Biafra túúbá, tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọjọ́ ìparí ogun abẹ́lé ni orílẹ̀-èdè wa yàn láti fi rántí òkú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ará ìlú tí kò gbé ìbọn, tí ogun náà pa, kò ní ààyè nínú ètò ọjọ́ náà.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!” Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà ogun náà ń sọ ọ́ nídìí bọ́ọ̀lù. Ní oṣù Ògún ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra, tí Ọ̀gágun Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, jẹ́ olórí wọn, gba ẹkùn Mid-West, wọ́n sì rìn títí dé Ọ̀rẹ̀ kí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà. Ibẹ̀ ni ìtàn ti parí lẹ́nu wa. Ẹni tí ó bá gba Ọ̀rẹ̀ kọjá sí Benin, tí kò sì dúró, yóò kan Asaba létí odò Ọya.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ìjọba ti wọ Asaba, tí wọ́n sì ti ń pa ènìyàn nínú ilé wọn, àwọn àgbà pe gbogbo ìlú jáde láti fi hàn pé ti Nàìjíríà ni àwọn ń ṣe. Wọ́n wọ akwa ocha, aṣọ funfun tí wọ́n ń fọwọ́ hun fún ayẹyẹ, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin pé Nàìjíríà kan ṣoṣo ni. Àwọn ọmọ ogun ya àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n kó wọn lọ sí ìta gbangba ní Ogbe-Osowa, wọ́n sì da ìbọn bò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó kú láàárín àwọn ọjọ́ yẹn. Ìdílé díẹ̀ ni ó rí òkú tirẹ̀ gbé sin. Inú kòtò ni a da àwọn yòókù sí. Asaba kò sí nínú Biafra, ará, orin ìṣọ̀kan wa sì wà lẹ́nu àwọn tí a pa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Samueli Kejì orí 21. Ìyàn mú fún ọdún mẹ́ta nígbà ayé Dáfídì, Olúwa sì sọ fún un pé nítorí Saulu ni, tí ó pa àwọn ará Gibeoni tí Israẹli ti búra fún. Dáfídì kọ́ ni ó pa wọ́n, Saulu sì ti kú. Ìwé Mímọ́ tilẹ̀ sọ pé ìtara fún Israẹli àti Juda ni Saulu fi ṣe é. Ìtara náà kò wẹ ẹ̀jẹ̀ nù, gbogbo ilẹ̀ ni ó jìyà rẹ̀. Ẹ̀mí ọmọ méje láti ìdílé Saulu ni àwọn ará Gibeoni gbà dípò, ọ̀nà tí ẹni tí Kristi kú fún kò gbọdọ̀ tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Rispa, ìyá méjì nínú àwọn méje náà, tí ó tẹ́ aṣọ ọ̀fọ̀ sórí àpáta, tí ó ṣọ́ òkú láti ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè títí òjò fi rọ̀, tí kò jẹ́ kí ẹyẹ bà lé wọn lọ́sàn-án tàbí kí ẹranko sún mọ́ wọn lóru. Ìgbà tí ọba gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ṣe ni ó tó kó egungun àwọn òkú jọ, lẹ́yìn ìsìnkú náà ni Ọlọ́run sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ nítorí ilẹ̀ náà.

Ní ọdún 2002, Gowon fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Asaba, mo sì yin Ọlọ́run fún un. Àforíjì ẹnì kan kò lè dípò ìrántí orílẹ̀-èdè. Àwọn kan ń sọ pé bí a bá tú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ìlú yóò tún gbiná. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Asaba kò gbàgbé, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn. Àwa nìkan ni kò sọ ọ́ fún tiwa, títí kan àwọn ọdún tí a kò fi kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn mọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì bá wá pàdé gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, orílẹ̀-èdè tí ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ṣàjèjì sí èkejì.

Nítorí náà, ní ìsìn ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, lẹ́yìn àdúrà fún àwọn ọmọ ogun àti àwọn opó wọn, a ó dìde dúró fún àwọn ará ìlú tí a pa ní Asaba, fún àwọn Igbo tí a pa ní Àríwá ní ọdún 1966, àti fún àwọn ọmọdé tí ebi pa ní Biafra. Ẹni tí ó bá ní ẹbí tí ó bá ogun náà lọ, kí ó kọ orúkọ ẹbí náà fún akọ̀wé ìjọ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. A ó ka gbogbo orúkọ náà láti orí pẹpẹ, láìka ẹ̀yà tàbí apá tí olúkúlùkù wà sí.