Ìwé Ẹ̀bẹ̀: Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Bá Wa Ṣí Ibi Tí A Ti Ń Yan Gàrí

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, sà. A kí yín, a kí àwọn kánsílọ̀. Àwa obìnrin ayangàrí la kọ̀wé yìí. Ní gbogbo Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ mu gàrí tó kan, tó sì kúnná, "ti Ìjẹ̀bú" ló máa bèèrè. Àwa ni wọ́n ń bèèrè yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, àwọn wolé-wolé dé, wọ́n fa imú, wọ́n ní gáàsì olóró wà nínú èéfín wa, wọ́n sì fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gẹ́ rírin ṣì wà nínú àpò lábẹ́ jáákì. Ibẹ̀ náà ló wà di òní. Ẹni tó bá mọ ẹ̀gẹ́ á mọ bó ti rí báyìí.

A ò ní irọ́ ni wọ́n pa. Sáyánáìdì, májèlé tí wọ́n ń sọ yẹn, wà nínú ẹ̀gẹ́ láti oko. Àwọn ìyá wa ò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń lé jáde tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń dá a dúró kó kan, tí wọ́n ń fún un, kó tó dórí iná. Bí ooru bá ti tó 26 Celsius, tí kò tó ti ọ̀sán gangan wa pàápàá, ó ti ń di gáàsì. Ṣùgbọ́n imú kọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn kan wà tí wọn kì í gbóòórùn rẹ̀ rárá, bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ṣé ti wolé-wolé ló wá yàtọ̀? Ẹ má bínú, sà.

Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ kẹ́mísìrì ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ló là wá lóye. Irú kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń rẹ bébà sí. Bí sáyánáìdì bá kàn án, ó máa yí i padà, bébà náà á máa tàn yòò lábẹ́ irú iná tí wọ́n fi ń yẹ ayédèrú owó wò. Ìjẹ̀bú ni wá, iná yẹn ò ṣàjèjì sí wa. Ẹ ní kí wọ́n wá gbé bébà náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, níbi tí imú wa ń wà. Kí wọ́n yẹ gàrí náà wò pẹ̀lú: ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex ní sáyánáìdì inú gàrí kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. Ohun tí bébà bá sọ la ó gbà.

Èyí tó dùn wá jù: gbayawu ni ibẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, atẹ́gùn ń gbà á kọjá. Àwọn wolé-wolé yìí kan náà ló ní ká mọ ògiri yí i ká nítorí ewúrẹ́. A dáwó, a mọ ọ́n. Wọ́n wá ní gáàsì ò ríbi jáde. Ta ló tì í mọ́lé?

Ti tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún wa lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àti ti kòtò ojú ọ̀nà, a ó sọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ bá wa ṣí i, sà. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ti ń sọ pé àwọn ó gbé agbada wá síwájú ọ́fíìsì yín, níbi tí kò sí ògiri. Àwa àgbà là ń rọ̀ wọ́n. Títí di Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbà fún wa.

Ìyá Ẹgbẹ́ (ó tẹ̀ka)
Akọ̀wé (ó buwọ́ lù ú)