Ẹ jẹ́ kí fóònù rédíò tún máa dún: lẹ́tà gbangba sí àwọn aláṣẹ Kétu

Sí Maire Kétu ní Bẹ̀nẹ̀, olórí ìjọba ìbílẹ̀ wa, àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ kọ́múnù,
Sí Préfet, aṣojú ìjọba ní ẹkùn Plateau, ní Pobẹ̀,
Sí àwọn àgbà HAAC, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn, ní Kùtọ̀nú,
Kí ẹ̀dà kan dé ààfin Kábíyèsí Alákétu.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà nípò àṣẹ,

A kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Àwa ọmọ Kétu tó ń gbé nílẹ̀ Faransé la kọ ìwé yìí. Èmi akọ̀wé ni mo di gègé mú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan. Ìpàdé méjì la fi jiyàn lé e lórí, ẹnì kan tilẹ̀ fìbínú jáde kí a tó fẹnu kò.

Ọ̀rọ̀ rédíò ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ètò òwúrọ̀ tí wọ́n ń fi Nàgó ṣe lórí rédíò àdúgbò wa, èyí tí ará ìlú máa ń pè sí, kò gba ìpè mọ́. A ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí a ò fẹ́ kó bá ara rẹ̀ nínú wàhálà tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lè má mọ ibi tí ohùn yẹn ń dé. Ọ̀kan nínú wa ń wa bọ́ọ̀sì. Ó máa ń fi í sétí kó tó gbé ọkọ̀ jáde. Ìyá kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó máa ń gbọ́ ọ tó bá ń po ẹ̀kọ wọn. Nígbà òtútù, aago wa àti tiyín dọ́gba. Tí ooru bá mú níbí, a ń fi wákàtí kan ṣíwájú yín, a sì ti mọ̀ ọ́n ṣírò. Kì í ṣe ìròyìn Kùtọ̀nú là ń wá, ìyẹn kún orí íntánẹ́ẹ̀tì lédè Faransé. Àgbẹ̀ Idigny tí màlúù jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ là ń gbọ́, àti ọmọ zémidjan, ọlọ́kadà, tó ń béèrè ohun tí wọ́n ń fi owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ṣe, àti ìyá oníṣòwò Ìlárá tó ń sọ iye tí kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, dà láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Èbìbí 2023. Ẹni tó bá pè láti Adakplamè lè sọ Fọ̀n. Atọ́kùn á túmọ̀ rẹ̀ sí Nàgó, á tún fi Fọ̀n dá a lóhùn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ oko àti màlúù kan lọ́jọ́ kan tí ì bá di ọ̀bẹ. Orí rédíò yẹn ló ti rọ̀, nítorí pé Fúlàní kan pè, ó ní òun náà dá oko o, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ya sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ kì í lè rí wa bá sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà kan wá sọ bí ogun Dàhọ̀mì ṣe fọ́ Kétu ní 1886, bí wọ́n ṣe kó ènìyàn lọ sí Àgbómẹ̀. Kò tíì sọ dé ìdajì tí ẹnì kan fi pè láti Mẹ̀kọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lódìkejì ààlà, ó ń sọ ọ̀nà tí àwọn baba tirẹ̀ sá gbà. Bàbá yẹn dákẹ́, ó ní, “Ìwọ ọmọ ta ni?” Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà gba àárín ilẹ̀ Kétu kọjá, ṣùgbọ́n ohùn rédíò kì í dúró fi káàdì hàn ní Ìlárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, tèmi nìkan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Igbe 2019, ọjọ́ ìbò àwọn aṣòfin, wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì ní Bẹ̀nẹ̀. WhatsApp kò lọ, kò bọ̀. Mo fi owó pe àbúrò mi lórí láìnì lásán, mo ní kó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò kó sì máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn wa láàárín ìró àkùkọ àti ìró odó. Inú mi balẹ̀. Owó tí wọ́n yọ lọ́jọ́ yẹn kò dùn mí.

Nísinsìnyí, ètò náà ṣì wà. Orin tí wọ́n fi ń ṣí i kò yí padà, ohùn atọ́kùn ṣì dùn. Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n ti yẹ̀ wò ni wọ́n ń kà: “Ẹnì kan láti Odometa ní kí ìjọba ṣàánú wa.” Àánú kí ni? Kò sẹ́ni tó lè bi í. A wádìí. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ìyá ọlọ́jà kan pè lọ́jọ́ kan, ó béèrè ibi tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ń wọ̀, nígbà tó jẹ́ pé tí òjò bá ti rọ̀, inú ẹrẹ̀ làwọn ti ń ta tòmátì. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan pe ọ̀gá rédíò. Kò halẹ̀ mọ́ ọn, kò bú u. Ó kàn ní kí wọ́n máa ṣọ́ra. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tó. A ò mọ ẹni náà, a ò sì fi ẹ̀sùn kan ọ́fíìsì kankan. Ohun tí a mọ̀ ni pé fóònù kò dún mọ́.

Ẹ̀rù ń ba atọ́kùn, ẹ̀rù rẹ̀ sì nídìí. Òfin íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù Igbe 2018 ni wọ́n fi rán akọ̀ròyìn Ignace Sossou lẹ́wọ̀n ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 2019, nítorí ohun tó kọ sórí Twitter. Ẹ ó ní rédíò kì í ṣe Twitter. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ètò rédíò tí kì í bọ́ sórí Facebook mọ́. Ẹnì kan á gé ìṣẹ́jú méjì nínú rẹ̀, á fi ránṣẹ́ káàkiri, ọ̀rọ̀ ẹnu á sì di ẹjọ́.

Ibi tó yẹ kí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn láyé ni Kétu. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun iyebíye gbogbo àgbáyé. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Gbogbo wa jó. Láti ìgbà náà, kò sí àlejò tó dé tí a kì í fi ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ hàn. Ṣé ère nìkan ni? Ẹ rántí òru Ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, ọ̀kọrin òru náà, á jáde, á kọ́kọ́ júbà: á júbà òrìṣà, á júbà àwọn ìyá wa, á júbà ọba àti àgbà. Ìgbà tí ìjúbà bá parí ni ohun tó ń dun ìlú á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, lórí olè, lórí alágbèrè, lórí olóyè tó na owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Onítọ̀hún lè wà lórí ìjókòó níbẹ̀, kó máa wo ilẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ máa wò ó. Ilẹ̀ á mọ́, kò sẹ́ni tí í lọ kan ilẹ̀kùn eléfẹ̀. Ọba kì í pa ọ̀kọrin.

Ohun tí ìyá ọlọ́jà yẹn ṣe kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí eléfẹ̀ ń ṣe. Ó tilẹ̀ júbà: wọ́n ní ìkíni rẹ̀ gùn ju ìbéèrè lọ. Bí a bá ń gbé ère kiri tí a sì pa ohùn abẹ́ rẹ̀ mọ́, igi ni a gbé.

Ẹ̀yin àgbà HAAC, tiyín rèé. Òfin ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ̀ 1990 ló bí yín. Abala 11 rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀yà orílẹ̀-èdè ló lómìnira láti lo èdè tí wọ́n ń sọ àti èyí tí wọ́n ń kọ. Abala 40 lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: ó ní ojúṣe ìjọba ni láti fi àwọn èdè wa kọ́ ará ìlú ní ẹ̀tọ́ wọn, pàápàá lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Abala 142 sì fi ìdáàbòbò òmìnira oníròyìn lé yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnì kan wá sí Kétu. Kó jókòó ní ilé rédíò, kó fi Nàgó ṣàlàyé ohun tí atọ́kùn lè gbà láyè àti èyí tó yẹ kó gé, kó sì gba ìpè. Òfin tó wà lédè Faransé nìkan kì í kọ́ ẹni tí kò lè kà á. Ẹ̀rù ló ń dá bà á.

Nínú ìpàdé wa, ẹnì kan ní ṣebí ìlú ń dìbò, kí ẹni tí inú ń bí dúró de ọjọ́ ìbò. Ẹ jẹ́ ká wo ìbò náà. Ní ìbò kọ́múnù ọjọ́ 17 oṣù Èbìbí 2020, ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò bá rí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè kò ní àga kankan, ì báà jẹ́ òun ni gbogbo abúlé dìbò fún. Ẹgbẹ́ mẹ́ta péré ló kọjá. Àgbẹ̀ Kpankou tí tirẹ̀ kò kọjá ńkọ́, ibo ló fẹ́ ti sọ̀rọ̀? Lẹ́yìn náà ni òfin oṣù Ọ̀pẹ̀ 2021 dé, ó gba ìnáwó kọ́múnù lọ́wọ́ maire, ó fi lé secrétaire exécutif, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ kọ́múnù, lọ́wọ́. Ó lè dáa bẹ́ẹ̀, a ò bá ìyẹn jà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ará ilé ò tíì mọ̀ ọ́n. Maire ni wọ́n ṣì ń bú lórí gọ́tà tó dí. Ẹ̀yin Maire, ẹ̀yin gan-an lẹ yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fẹ́ kí fóònù yẹn dún.

A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ tiwa náà. Àwa tí a wà lókèèrè bá ètò yẹn jẹ́ díẹ̀. Àwọn kan nínú wa á pè, wọ́n á fi ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìdílé wọn, wọ́n á sọ iye ilé tí wọ́n ń kọ́, wọ́n á wá bú ẹni tí wọ́n bá fẹ́ bú, wọ́n á pa fóònù, wọ́n á sùn. Atọ́kùn tó wà nílé ni wọ́n máa bi léèrè. Lórí èyí ni ẹnì kan fi bínú jáde nípàdé, ọ̀rẹ́ mi ni, mo sì mọ̀ pé á ka ìwé yìí. A ti fẹnu kò pé ọmọ ẹgbẹ́ wa tó bá pè láti ìhín kò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjì, kò gbọ́dọ̀ bú ẹnikẹ́ni, kò sì ní pè rárá nígbà ìpolongo ìbò.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣeé fò. Ìkéde òkú ni púpọ̀ nínú rédíò abúlé fi ń jẹun. Tí ẹni tó ń sanwó bá tún jẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò ya ẹnu? A ti ń dáwó láàárín ara wa fún páńẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì, kí iná má baà máa gé wọn lẹ́nu ọ̀rọ̀. A ò ní bèèrè pé kí wọ́n kí wa nítorí ẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò tóbi. Kí ẹnì kan láti kọ́múnù, maire tàbí secrétaire exécutif, máa wá jókòó sílé rédíò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó sọ ní Nàgó, kí atọ́kùn fi Fọ̀n tún un sọ, iye tó wọlé láti ọjà àti ibi tó gbà lọ. Kí Kábíyèsí náà, bó bá wù wọ́n, bá wa fi ohùn sí i pé ẹni tó bá fi ọ̀wọ̀ bi ìlú léèrè kò dẹ́ṣẹ̀. Kí a sì tún ṣí láìnì fóònù, láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ìyá ọlọ́jà náà ṣì ń ta tòmátì níbi tó ti ń tà á. Ẹ bá wa dá a lóhùn kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé,
lórúkọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Kétu nílẹ̀ Faransé