Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Léètì Tòkunbọ̀ Tí Ó Fẹ́ Rà

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àwòrán léètì, ẹ̀rọ tí ń yí irin kí a lè gé e, tí o fi ránṣẹ́ láti ọjà Owódé Onírin ní Èkó, mo sì gbọ́ ohun tí ẹni tí ń tà á sọ fún ọ, pé Colchester ni, àti pé irú rẹ̀ kì í bàjẹ́. Orúkọ rere ni Colchester lóòótọ́, bí Harrison àti Dean Smith & Grace tí àwọn náà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kò lè sọ bí àwọn tó ni í tẹ́lẹ̀ ṣe lò ó. Léètì Taiwan tí ẹnì kan fi epo tọ́jú dáadáa yóò wúlò fún ọ ju Colchester tí ìlò ti jẹ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, irin gígùn tó gbé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ró, lọ.

Bẹ́ẹ̀dì yìí ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, má sì kánjú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a ń ṣe lórí léètì kì í gùn, ìtòsí chuck tí ń di irin mú ni a ti ń gé wọn, nítorí náà ibẹ̀ ni irin bẹ́ẹ̀dì ti máa ń jẹ jù, nígbà tí ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, níbi tí tailstock tí ń gbé ẹnu kejì irin gígùn dúró wà, lè ṣì rí bí ó ti rí nígbà tí wọ́n ṣe é. Nu epo àti ìdọ̀tí kúrò, kí o wá fi èékánná wọ́ ojú ọ̀nà tí carriage, èyí tí ń gbé ọ̀bẹ ìgérin, ń rìn, láti ibi tí kì í dé wá sí ibi tí ó máa ń wà. Bí èékánná rẹ bá kọ́ ohun kan bí ẹnu àtẹ̀gùn, ó ti jẹ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, fa carriage wá sí ìtòsí chuck, kí o mú gib rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí ń dín àlàfo abẹ́ rẹ̀ kù, le níbẹ̀ títí tí kò fi ní mì mọ́, kí o wá máa yí i lọ sí ìpẹ̀kun kejì. Bí ó bá ń le sí i bí ó ti ń lọ, tí ó sì há pátápátá lójú ọ̀nà, ẹni tí yóò tún bẹ́ẹ̀dì náà ṣe fún ọ yóò gba owó tí ó lè tó iye tí o fi ra ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ń tà á lè sọ pé àìsí epo ló fà á. Bu epo sí i lójú rẹ̀, kí o tún un yí.

Ní ti ọ̀dà tuntun tó ń dán lára rẹ̀, kò bà mí lẹ́rù, kò sì wù mí.

Spindle, ọ̀pá tí ń yí chuck, ló tún kù. Inú ẹnu spindle gan-an ni kí o gbé abẹ́rẹ́ dial gauge tí ń ka ìmì kékeré lé, má ṣe gbé e lé ara irin tí chuck dì mú, nítorí pé chuck tó ti gbó lè mú kí spindle tó dára dà bí èyí tó ti bàjẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ń rìn ju 0.02 mm lọ bí spindle ti ń yí, ìyẹn jẹ́ ẹ̀sùn lórí bẹ́árìn, bẹ́árìn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n tan iná sí i, kí o gbọ́ ìró gíà rẹ̀ ní gbogbo eré tí ó ní, láìfo ọ̀kan.

Bí wọ́n bá gbà kí o gé irin wò, gé e, kí o sì fi micrometer, ohun tí a fi ń wọn sísanra irin, wọn ìpẹ̀kun méjèèjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n má tìtorí pé ìpẹ̀kun kan tóbi ju èkejì lọ sá fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: léètì tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ a lọ́, a sì máa gé irin ní wíwọ́. Ìyẹn ṣeé tún ṣe pẹ̀lú lẹ́fẹ́lì tí a fi ń mọ ibi tó tẹ́jú nígbà tí a bá dè é mọ́ kọnkéré nílé. Jíjẹ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ka àkọlé ara mọ́tò rẹ̀ dáadáa. Èyí tó bá wá láti Amẹ́ríkà, 60 Hz ni wọ́n ṣe é fún. Lórí iná wa tí í ṣe 50 Hz, eré rẹ̀ yóò dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà, fóltéèjì rẹ̀ sì lè má bá tiwa mu. Béèrè pẹ̀lú bóyá ìwọ̀n ínṣì ni leadscrew rẹ̀, ọ̀pá tí ń fa carriage nígbà tí a bá ń gé ìdè bí ti ara bóòtù. Bí ó bá jẹ́ ínṣì, wá gíà tó ní eyín 127 láàárín àwọn gíà tí wọ́n kó lé ọ lọ́wọ́, torí ínṣì kan jẹ́ 25.4 mm, gíà yẹn ló sì ń jẹ́ kí o lè gé ìdè mìlímítà láìṣìṣe.

Iṣẹ́ tí yóò máa wá bá ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ṣáfúútù ẹ̀rọ gaàrí ni, àti ti ẹ̀rọ ìlọta, àti búúṣì tí ṣáfúútù ń yí nínú rẹ̀. Wọn kò béèrè pé kí ẹ̀rọ pé bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nítorí náà bí bẹ́ẹ̀dì bá jẹ díẹ̀, tí ẹni tí ń tà á sì dín owó kù, mo lè gbà fún ọ. Bí bẹ́árìn bá ti bàjẹ́ tàbí tí gíà kò pé, n kò ní gbà.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e sínú ọkọ̀, ara bẹ́ẹ̀dì ni kí wọ́n so okùn mọ́, kí wọ́n sún carriage títí tí ẹ̀rọ yóò fi dúró déédéé lára okùn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́ spindle tàbí leadscrew. Fi àwòrán àkọlé mọ́tò náà ránṣẹ́ kí o tó san kọ́bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.