Kì í ṣe Singer Nìkan Ló Bí Máṣíìnì Ìránṣọ

Sí Olóòtú,

Mo kí yín fún iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lórí èdè wa. Ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Nínú àtẹ tí ẹ ṣe síbẹ̀ nípa àwọn ohun tí àwọn òyìnbó hùmọ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ kọ síwájú ohun kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ sì dé orí máṣíìnì ìránṣọ, “Isaac Singer, 1851” ni ẹ kọ. Télọ̀ ni mí. Mo ti lo ohun tí ó lé ní 40 ọdún nídìí máṣíìnì, Síńgà ẹlẹ́sẹ̀ ni mo sì fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìbàdàn. Bí ó bá jẹ́ ti ìfẹ́ ni, ẹ̀yìn Singer ni èmi ì bá wà. Síbẹ̀, ohun tí ẹ kọ yẹn kò tọ̀nà.

Láti 1790 ni Thomas Saint ti gba ìwé àṣẹ, èyí tí ìjọba fi ń fún ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀rọ tí yóò máa rán awọ, ṣùgbọ́n àárín àwọn ìwé tí ó dá lórí ọ̀rọ̀ bàtà ni àwòrán rẹ̀ há sí, ó sì ju 80 ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kàn ni Barthélemy Thimonnier, télọ̀ bíi tèmi, ní ilẹ̀ Faransé. Òun gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1830, kò sì pẹ́ tí nǹkan bí 80 ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń rán aṣọ àwọn ọmọ ogun ní Paris. Ní 1831, àwọn télọ̀ ìlú náà ya bo ibẹ̀, wọ́n sì fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà túútúú, nítorí wọ́n rí i pé oúnjẹ ẹnu wọn ni ẹ̀rọ náà fẹ́ gbà. Mi ò lè bá wọn wí tán. Thimonnier kú ní 1857, nínú ìṣẹ́. Abẹ́rẹ́ onígọ̀ǹgọ́ bí ìkọ́ àti òwú ẹyọ kan ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò, irú ìrán tí ó wà lẹ́nu àpò ìrẹsì: bí ẹ bá mọ etí tí ẹ ó ti fà á, gbogbo rẹ̀ ni yóò tú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí ó mú kí máṣíìnì òde òní di máṣíìnì kọjá ìyẹn. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ní ojú ní ìdí, odidi rẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ gba inú aṣọ kọjá kí òwú tó lè tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ kò lè máa ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí ó tún máa gbé e. Ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà nítòsí ṣóńṣó rẹ̀, kí ó lè gbé òwú wọ abẹ́ aṣọ, kí ó fi ojóbó kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀ bí ó ti ń padà sókè, kí ohun kan tí ó jọ ọ̀kọ̀ àwọn ahunṣọ wa sì gbé òwú kejì gba inú ojóbó náà kọjá. Òwú òkè àti ti ìsàlẹ̀ yóò wá so kọ́ra láàárín aṣọ. Bí ọ̀kan bá já, ìyókù kò ní tú. Walter Hunt ní New York ti ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní nǹkan bí 1833 sí 1834, ṣùgbọ́n kò gba ìwé àṣẹ. Hunt yìí kan náà ni ó hùmọ̀ píìnì tí a fi ń há aṣọ ọmọ ọwọ́, tí ó sì ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 400 dọ́là péré. Ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n kò mọ owó.

Elias Howe, ará Massachusetts, ni ó gba ìwé àṣẹ fún abẹ́rẹ́ àti ọ̀kọ̀ yìí ní oṣù kẹsàn-án 1846. Ìtàn kan gbilẹ̀ pé ojú àlá ni ó ti rí ọgbọ́n abẹ́rẹ́ náà, nígbà tí ó rí àwọn jagunjagun tí ọ̀kọ̀ ogun ọwọ́ wọn lu ihò ní ṣóńṣó. Ìtàn náà dùn, àmọ́ Hunt ti rán aṣọ pẹ̀lú irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kí Howe tó lá àlá kankan. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ Howe ní ilé, ó sì kọjá sí London, níbi tí ó ti bá ẹnì kan tí ó ń ṣe kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ tí àwọn obìnrin fi ń fún ìbàdí, ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó fi padà dé ní 1849, kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ó sì bá àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣòwò.

Eléré orí ìtàgé ni Singer tẹ́lẹ̀. Ní Boston ni ó ti tún ẹ̀rọ ẹlòmíràn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa ṣe: ó mú kí abẹ́rẹ́ máa lọ sókè-sódò, ó fi ẹsẹ̀ tí ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sí i, ó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ènìyàn máa yí i kí ọwọ́ méjèèjì lè máa darí aṣọ. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tí ó bá ti fi máṣíìnì ọlọ́wọ́ rán ṣòkòtò rí yóò mọ̀. Nígbà tí Howe pè é lẹ́jọ́, àwọn agbẹjọ́rò Singer lọ hú ọ̀rọ̀ Hunt jáde kí wọ́n lè fi ṣẹ́gun. Àwọn tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà gbà pé Hunt ni ó kọ́kọ́ ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pa á tì jù. Howe ni ó jàre, Singer sì san 15,000 dọ́là fún un ní 1854. Ní 1856, Howe, Singer àti ilé iṣẹ́ méjì mìíràn parapọ̀, wọ́n kó ìwé àṣẹ wọn pọ̀, wọ́n sì ń gba owó lórí máṣíìnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Allen Wilson, ẹni tí ó ṣe eyín tí ń fa aṣọ lọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ni ó ni máṣíìnì, kí ni àwọn mẹ́rin ń pín? Ohun tí ilé iṣẹ́ Singer fi borí wọn ni títà: Edward Clark, alábàáṣe rẹ̀, ni ó mú un wá pé kí ènìyàn gbé máṣíìnì lọ sílé, kí ó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo fura pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ James Watt, ẹni tí wọ́n máa ń sọ pé ó hùmọ̀ ẹ̀rọ elóoru, ṣe rí nínú àtẹ yín, nítorí pé Thomas Newcomen ti ń fi ẹ̀rọ elóoru fa omi nínú kòtò ìwakùsà láti 1712, kí wọ́n tó bí Watt.

Ẹ jọ̀wọ́, àwọn ọmọ ń da àtẹ yẹn kọ sínú ìwé wọn. Nígbà tí ẹ bá tún un tẹ̀, ẹ kọ Thimonnier, Hunt, Howe, Wilson àti Singer, kí ẹ sì kọ ohun tí olúkúlùkù fi kún un sí iwájú orúkọ rẹ̀. Bí àyè kò bá gbà, ẹ yọ àwòrán Singer kúrò. Orúkọ tirẹ̀ ti wà lára máṣíìnì tí ó wà nílé wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Télọ̀ àgbà kan, Ìbàdàn